Hóró oògùn oorun kan lálaalẹ́: ibo ni iṣẹ́ apòògùn ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbàlagbà?

ApòògùnÀdúgbò

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń dúró níwájú káńtà. Àgbàlagbà tó ti lé ní 70 ọdún á wọlé, tàbí kó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá: "Wọ́n ní kí ẹ fún àwọn ní Valium káàdì kan." Kò sí ìwé dókítà. Ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti ń lò ó. Àwọn kan nínú wa á tà á, wọn ò ní bèèrè nǹkan kan. Àwọn kan á ní "a kì í tà á," wọ́n á sì lé ọmọ náà padà. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣi iṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí diazepam, ìyẹn oògùn tó wà nínú Valium, ń ṣe lára àgbà. Inú ọ̀rá ni oògùn yìí máa ń sá pamọ́ sí. Béèyàn ṣe ń dàgbà, iṣan àti omi ara ń dín kù, ọ̀rá ń gba ipò wọn, ẹ̀dọ̀ náà kì í sì í tètè fọ oògùn dànù mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 1975 fi hàn pé lára ẹni 20 ọdún, nǹkan bíi wákàtí 20 ni ìdajì diazepam fi ń kúrò. Lára ẹni 80 ọdún, ó ń lọ sí wákàtí 90. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Màmá lo 5 mg lálẹ́ àná. Títí di alẹ́ òní, bíi 4 mg ṣì wà lára wọn, wọ́n sì tún fi 5 lé e. Bó ṣe ń gorí ara wọn nìyẹn, títí tí ohun tó wà lára wọn á fi tó 30 mg láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ hóró kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé mì. A ò tíì ka ọmọ tí oògùn náà ń bí nínú ẹ̀dọ̀, ìyẹn oògùn míì tí ẹ̀dọ̀ ń sọ ọ́ dà, tó máa ń pẹ́ lára ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ wọn kì í fi í ranlẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án, tí wọ́n ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ará ilé á ní ogbó ti dé. Àwọn míì á ní ayé ló ń ṣe wọ́n, wọ́n á sì gbé wọn lọ sórí òkè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìṣubú, torí ibẹ̀ ni gbèsè oògùn yìí ti máa ń di sísan. Kì í ṣe ojú títì ni àgbà ti sábà máa ń ṣubú. Inú ilé ni, àgàgà láàárín bẹ́ẹ̀dì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, fún ẹni tó lo oògùn oorun. Ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n jí, oògùn ṣì wà lójú, iná ti lọ, etí ẹní sì kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Egungun ìbàdí tó bá ṣẹ́ lára ẹni ọdún 78 kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ pa.

Kó tó di pé ẹ fọwọ́ kan oògùn rárá, ẹ ní kí ará ilé ṣe nǹkan wọ̀nyí lálẹ́ ọjọ́ náà: póò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tọ́ọ̀ṣì tàbí láńtà oníbátìrì sí ibi tí ọwọ́ wọn ti lè kàn án láìdìde, kí wọ́n ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó dìde, pàápàá bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

ỌmọIléOògùn

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ìbéèrè kan: kí ló dé tí a ò kàn yí wọn sí Piriton tàbí Phenergan, àwọn oògùn ara yíyún? Ìyẹn ò nílò wàhálà tó báyìí, ó sì ń mú oorun wá dáadáa.

FámásíLọ́ńdọ̀nù

Àbúrò, iwájú lẹ̀ ń sá fún, ẹ̀yìn lẹ forí lé. Ẹ wo Beers Criteria, àkójọ àwọn oògùn tó yẹ kí àgbà yẹra fún, tí Dókítà Mark Beers àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ẹgbẹ́ American Geriatrics Society (àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà) sì tún ṣe ní 2023. Àwọn oògùn oorun bíi diazepam, lorazepam àti zolpidem wà níbẹ̀. Chlorpheniramine tó wà nínú Piriton, promethazine tó wà nínú Phenergan, àti diphenhydramine, gbogbo wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbẹ ẹnu, wọ́n ń dí ìgbẹ́, wọ́n ń da iyè rú. Bàbá tí próstéètì wọn ti wú, tí ìtọ̀ ń já tó-tó-tó tẹ́lẹ̀, hóró Piriton méjì lè dì í pa pátápátá, kó di ọ̀rọ̀ rọ́bà ìtọ̀ ní ọsibítù. Agbára oorun tó ń mú wá náà kì í pẹ́ tó fi máa ń ṣá. Ọjọ́ díẹ̀ ni ara fi ń mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ gan-an ni ẹrù tí àwa ọmọ tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́. Ìgò Tylenol PM ń wọlé láti Amẹ́ríkà bí ẹni ń kó ṣúgà. Hóró rẹ̀ kan ní 500 mg parasitamó àti 25 mg diphenhydramine nínú. Màmá á lo méjì lálẹ́ nítorí oorun, wọ́n á tún lo Panadol nítorí orúnkún, wọn ò sì mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Melatonin alásúwìtì, tí wọ́n ń lò fún oorun, náà ń wọlé. Ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ àfikún ni òfin kà á sí, wọn kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò bí oògùn. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní 2023 lórí irú rẹ̀ 25 fi hàn pé 22 ni ohun tó wà nínú wọn kò bá ohun tí wọ́n kọ sára ìgò mu, ọ̀kan ò tiẹ̀ ní melatonin kankan nínú. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé dókítà la fi ń gbà á: 2 mg, irú tó ń rọra tú, fún ẹni tó ti pé 55 ọdún, lẹ́yìn oúnjẹ, wákàtí kan sí méjì kí wọ́n tó sùn, kò sì ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ.

ApòògùnÀdúgbò

Ẹ ṣeun, ará Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti àpò náílọ́ọ̀nù tí àgbà ń kó oògùn sí, torí kò sẹ́ni tó ń rí odindi rẹ̀ bí kò ṣe àwa. Dókítà ọkàn mọ oògùn tirẹ̀, ti ojú mọ tirẹ̀, ẹlẹ́gbòogi náà mọ tirẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé mì wá, àgbo àti ìyẹ̀fun orí fífọ́ pẹ̀lú. Ẹ dà á sórí tábìlì, kí ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ méjì péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí lẹ̀ ń lò ó fún, aago mélòó lẹ̀ ń lò ó?

Aago ni kí ẹ tẹ́tí sí. Lasix (oògùn tó ń mú ìtọ̀ wá) tí wọ́n ń lò láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á máa ṣiṣẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, kò sí bí wọn ò ṣe ní jí tọ̀. Ẹ gbé e sí àárọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, kí èkejì má kọjá aago méjì ọ̀sán. Moduretic náà, àárọ̀ ni. Prednisolone àti dexamethasone, àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, torí wọ́n ń lé oorun. Ẹni tí amlodipine (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru) ti wú lọ́rùn ẹsẹ̀, omi yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ti dùbúlẹ̀, á sì di ìtọ̀ lóru. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí fún wákàtí kan tàbí méjì lọ́sàn-án, kí omi náà ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Hóró Ventolin fún ikọ́ èémí náà ń lé oorun.

Lẹ́yìn ìyẹn, kaféènì. Panadol Extra hóró kan ní 65 mg. Alabukun náà ní kaféènì nínú, bẹ́ẹ̀ àgbà míì ń lo pàkéètì kan lálẹ́ "kí ara lè fúyẹ́." Obì tí wọ́n ń jẹ níbi àríyá ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ẹ ò lè máa fi ọwọ́ kan lé oorun, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì ra Valium.

Ẹ sì wò ó bóyá omeprazole tàbí cimetidine wà nínú àpò náà nítorí ọgbẹ́ inú. Àwọn méjèèjì ń dá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kọ́ kó má tètè fọ diazepam, oògùn á tún wá pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ.

DókítàÌdílé

Apòògùn, iṣẹ́ gidi lẹ ṣe yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí bí a ṣe ń dín in kù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe, pàápàá àwọn ọmọ tó kàn máa ń já oògùn gbà lọ́wọ́ ìyá wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tó ti lò ó lálaalẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá já a lójijì, àìsùn tó máa padà wá á le ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, pẹ̀lú òógùn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń já. Fún àwọn kan, á di gìrì. Ti diazepam tún ní ẹ̀tàn nínú: nítorí pé ó ń pẹ́ lára, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lè tutù minimini. Ará ilé á ní "ẹ ò rí i, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìjà á dé. Ìlànà tí a ń lò ni pé kí a yọ ìdá mẹ́rin kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí a sì dín ìwọ̀n tí à ń yọ kù bí a bá ti ń sún mọ́ òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń lo 10 mg lálaalẹ́, ìyẹn hóró 5 mg méjì. Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, hóró kan àti ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, hóró kan. Ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, ààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 sí 10, ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ó tán. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, hóró 56 péré ló máa lọ sí i. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan o. Ti ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni kí ẹ máa kà fún wọn, kí ẹ lè máa rí ojú wọn.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ apòògùn nìkan: ẹni tí wárápá ti ṣe rí, ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, ẹni tó ń lò ju 10 mg diazepam lọ lójúmọ́, ẹni tí àìsàn ọpọlọ wà lára rẹ̀. Ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fi oògùn náà ń tọ́jú. Clonazepam àti phenobarbitone tí wọ́n ń lò fún wárápá kì í ṣe oògùn oorun, ẹ má fọwọ́ kàn án.

ỌmọIléOògùn

Dókítà, ìdá mẹ́rin hóró yẹn máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bílédì ni wọ́n fi ń gé e nílé.

ApòògùnÀdúgbò

Bílédì ò dáa. Ẹ ra abẹ alápótí tí wọ́n fi ń gé hóró, èyí tó ní igun tí hóró ń jókòó sí. Ẹ fi ilà àárín hóró náà dojú kọ ẹnu abẹ, kí ẹ pa ìdérí dé lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára. Bí ẹ bá ń rọra tẹ̀ ẹ́, fífọ́ ló máa fọ́. Ẹ gé e sí méjì, kí ẹ tún gé ìdajì sí méjì. Ẹ gé ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dì í sínú àpò kéékèèké méje, kí ẹ kọ orúkọ ọjọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Bí 2 mg bá wà lọ́jà, ó tún rọrùn ju ìdá mẹ́rin 5 mg lọ; kí dókítà tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Zolpidem tó ń rọra tú, ẹ ò gbọdọ̀ gé ìyẹn rárá, gbogbo agbára rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

FámásíLọ́ńdọ̀nù

Àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà tó wà lára páálí díwọ̀n agbára. Lorazepam 1 mg tó bíi diazepam 10 mg. Zolpidem 10 mg sì tó bíi diazepam 5 mg. Àwọn kan ti gba "1 mg péré" lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n rò pé àwọn ti dín in kù.

Ọlọ́jàOògùn

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a wà lókè òkun. Bí èmi ò bá tà á fún màmá, kẹ́míìsì tó wà lójú títì kejì á tà á. Mo pàdánù oníbàárà, màmá ò sì fi í sílẹ̀. Kí wá ni èrè?

ApòògùnÀdúgbò

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ọ̀gá. Àmọ́ òfin kọ́kọ́ ń bẹ ńbẹ̀: diazepam àti Lexotan tó jẹ́ irú rẹ̀, ìwé dókítà la fi ń tà á, kẹ́míìsì tó ní ìwé àṣẹ oògùn pátẹ́ǹtì nìkan kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kó o sórí àtẹ. Èyí tó wù mí jù ni pé kí ẹ má lé màmá lọ. "Mi ò tà á" yàtọ̀ sí "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká pe dókítà yín." Màmá tó bá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á padà wá fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, á padà wá fún ti orúnkún. Ìyẹn náà òwò ni.

DókítàÌdílé

Ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní Quebec, ní Kánádà, wọ́n mú 303 àgbàlagbà tó ti ń lo oògùn oorun fún ìgbà pípẹ́, láti ilé oògùn 30. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ìwé kékeré tó ṣàlàyé ewu rẹ̀ àti àtẹ bí wọ́n ṣe máa dín in kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 27 nínú 100 ti fi oògùn náà sílẹ̀ pátápátá. Nínú àwọn tí wọn ò fún, 5 ni. Èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Nígbà tó di 2018, èsì ìwádìí míì tún jáde níbẹ̀, níbi tí apòògùn ti fún àgbà ní ìwé, tó sì tún kọ̀wé sí dókítà rẹ̀. Nínú àwọn tó ń lo oògùn oorun, nǹkan bíi 43 nínú 100 ló jáwọ́, nígbà tó jẹ́ 9 péré lọ́dọ̀ àwọn tí a ò ṣe é fún. Lójú tèmi, ìwé sí dókítà yẹn ni iyọ̀ ọbẹ̀ náà.

Ẹ má kọ lẹ́tà gígùn sí wa, a ò ní kà á. Orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, ìgbà tó ti pẹ́ tó, ewu tí ẹ rí ("ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ó tún ń lo tramadol"), ohun tí ẹ dámọ̀ràn, àti ọjọ́ tí ẹ máa tún rí i. Ìlà márùn-ún. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí dókítà lè kọ "mo gbà" kó sì fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Tramadol tí dókítà dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká má gbójú fò ó. Tramadol, tàbí paraga àti àgbo ọlọ́tí, lórí Valium, èémí ló ń dín kù. Bí ẹ bá jí àgbà tí kò dáhùn, tó ń hanrun lọ́nà tí kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ mú káàdì oògùn náà dání. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu! Ẹ má rọ mílíìkì! Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ.

Olùtọ́júÀgbà

Kò tíì sẹ́ni tó bèèrè aago tí àgbà náà ń wọlé sùn. Iná ò sí, tẹlifíṣọ̀n ò ṣiṣẹ́, wọ́n ti wọlé láago mẹ́jọ. Aago mẹ́ta òru wọ́n lajú sílẹ̀, wọ́n ní "mi ò lè sùn." Wákàtí méje rèé! Wọ́n ti sùn tán. Bí ẹ bá fi oògùn kún un, ẹ̀ ń wá oorun tí kò sí nínú àpò.

Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago tí wọ́n wọlé, aago tí wọ́n jí, ìgbà mélòó ni wọ́n dìde, oorun ọ̀sán mélòó. Bí wọn ò bá lè kọ̀wé, kí ọmọ-ọmọ bá wọn kọ ọ́ láàárọ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà ni wọ́n ń sùn gan-an, kí wọ́n má wọlé kí aago mọ́kànlá tó lù, kí wọ́n dìde láago márùn-ún, bí oorun dùn bí kò dùn. Ẹ má jẹ́ kí àkókò orí bẹ́ẹ̀dì kéré sí wákàtí márùn-ún. Oorun ọ̀sán, ìṣẹ́jú 30, kó tó di aago mẹ́ta. Bó bá ti tó bíi ogún ìṣẹ́jú tí oorun ò dé, kí wọ́n kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀, àga tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti tó, kí wọ́n má máa rìn kiri nínú òkùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà òru, àga yẹn náà ni.

ỌmọIléOògùn

Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ti dé ààbọ̀ hóró, oorun wá dá lójijì fún ọjọ́ mẹ́rin ńkọ́? Ṣé ká padà sórí hóró kan?

DókítàÌdílé

Rárá. Ẹ dúró síbi tí ẹ dé. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i lórí ààbọ̀ yẹn, kí ẹ tó tún dín in. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ń gbọ̀n, òógùn ń bò wọ́n, ni kí ẹ padà sí ìwọ̀n tó ṣáájú, kí ẹ sì pè mí. Gìrì tàbí rírí ohun tí kò sí, ọsibítù lọ́jọ́ náà.

ỌmọIléOògùn

Hóró tó bá ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá jáwọ́ tán?

ApòògùnÀdúgbò

Ẹ gbà á padà, ká jọ kà á. Bó bá wà nínú dúrọ́ọ̀, alẹ́ kan tó burú máa dé, hóró kan á sì pe ìkejì. Kí ẹ tó ní ó pé, ẹ rọra bèèrè lọ́wọ́ màmá ohun tí wọ́n dì sí etí ìró. Ibẹ̀ ni méjì tó kẹ́yìn sábà máa ń wà.